Ẹ̀rí Tí Mo Gbé Mì

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò lè kí yín pé ẹ kú ìsinmi, torí èmi gan-an ni mi ò jẹ́ kí ẹ sinmi. Inú yàrá yín ní Adéwọlé ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ìgò àdín tí ẹ fi ń pa orúnkún ṣì wà lójú fèrèsé. Mi ò lè gbé e kúrò.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jí òkú dìde fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ rí, àmọ́ ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn máa ń bu omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n fọ ọwọ́ kí n tó wọlé. Àìmọye ilé ọ̀fọ̀ ni mo ti wọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, tí mo ń bẹ àwọn ọmọ olóògbé kí wọ́n sọ oríkì òbí wọn fún mi, torí òkú kì í dá èèyàn lóhùn àfi tí a bá fi oríkì pè é. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọdún méje péré ni òkú ń fi ṣiṣẹ́, pé òkú kì í mọ ìrora. Ta ni ìbá gbálẹ̀ Post Office, ta ni ìbá kọ ebè l'Ókè-Oyi, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti sá lọ sí Èkó tán? Wọ́n á sunkún, wọ́n á sì sọ ọ́. Ẹnu mi dùn, Bàbá.

Òfin ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ jíjí sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí méjì kó tó kú. Ẹ sọ ọ́. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan ni, ẹ ti mọ́sálááṣí dé, ẹ na ẹsẹ̀ sórí ẹní, mò ń fi àdín pa orúnkún yín, Bàbá Sàláwù ọ̀rẹ́ yín sì jókòó tì wá. Ogójì ọdún iṣẹ́ bíríkìlà ti jẹ orúnkún náà tán. Ẹ ní ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé, kí ẹnikẹ́ni má jí yín. Ojú mi lẹ ń wò bí ẹ ti ń sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gbọ́.

Kí ló wá ṣe mí lọ́jọ́ kẹjọ yín? Bàbá Sàláwù dìde láàárín èrò, wọ́n jẹ́rìí. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Àwọn tí mo ti gba òkú lọ́wọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Bí mo bá ní òótọ́ ni, wọ́n á ní mo fi tèmi pamọ́, mo ń fi tiwọn ṣiṣẹ́. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún fi kún un pé ogbó ti dé sí Bàbá Sàláwù.

"Wàláì, ọwọ́ ẹ ló wà lórí orúnkún ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́," ni gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ sílé.

Ìtìjú nìkan kọ́, Bàbá. Mo fẹ́ rí yín lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo kúnlẹ̀ létí sàréè, mo pè yín ní Àlàó. Òkú ẹlòmíràn, mo lè pè é títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Ẹ̀yin, ìpè àkọ́kọ́ lẹ dáhùn. Ṣé ẹ rò pé nǹkan ló ń ṣe mí ni?

Lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, oṣù kẹta tí ẹ ti wà lóko, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Oyi. Ẹ ń kọ ebè láàárín àwọn òkú yòókù. Ojú yín ṣí, ẹ ò sì mọ̀ mí. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, òkú kì í mọ èèyàn. Àmọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ nàró, ẹ fi ọwọ́ òsì di orúnkún mú, ẹ fi eyín tẹ ètè, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó nà tán. Bí ẹ ti ń ṣe é láyé gan-an nìyẹn. Kí wá ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún mọ́kànlá wá? Mo bú sẹ́kún. Ọlọ́kadà náà pa ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sápá ibòmíràn.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Sàláwù. Wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn ń wá bàtà wọn. A jọ lọ sí ọ́fíìsì, mo jẹ́ ẹ̀rí tí mo gbé mì, mo sì sọ ti orúnkún náà fún wọn. Ọ̀gá mi ò fẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Mo sọ ọ́ síta. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, a ó dá yín padà sí sàréè. Òfin ní ẹni tó bá fi irọ́ jí òkú dìde ni yóò ṣiṣẹ́ ọdún tó kù nínú méje náà, tí òun náà bá kú. Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kọ oríkì mi sílẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ jókòó ti àwọn ọmọ mi lórí ẹní ọ̀fọ̀.

Ṣé ẹ ó dárí jì mí? Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí, Bàbá, torí mo mọ bí àárò yín ṣe ń sọ mí. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún gbọ́ ohùn mi létí sàréè, bó ti wù kí n sunkún tó, ẹ má dá mi lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín.