Ohùn Màmá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Rọ́ọ̀kì Mi

Ìsàn, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, oṣù Kẹjọ, ọdún 2001

Inú bí mi débi pé n kò jẹun. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rọ́ọ̀kì àti jáàsì tí Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí orin kan ṣoṣo gba odindi ojú kan, ni Màmá gba ohùn ara rẹ̀ sí láti fi ránṣẹ́ sí i. Mo ti ṣẹ́ etí kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí a bá ti ṣẹ́, a ò ní lè gba ohùn mìíràn sí i mọ́, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀. Màmá fi bébà dí ihò tó ṣẹ́kù níbẹ̀, ó sì gba ohùn rẹ̀ sí i.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rẹ́díò, mo tẹ̀ ẹ́. Dùùrù bẹ̀rẹ̀, jìtá gbè é, àfi gbọ̀ọ̀ tí Màmá dé:

"Dáyọ̀, èmi ìyá rẹ ni. Ara wa le. Àbúrò rẹ ló ń dá jókòó ní ulé yìí, tó ń gbọ́ orin tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Ìgbà tó o wà ńbí, ẹ jọ ń gbọ́ ọ ni. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Jìtá padà dé.

Mo pe Màmá wá jókòó tì mí. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá kọrin?" Kí n tó dáhùn, ó ti sùn lọ lórí àga.

Mo rọra dín ohùn rẹ́díò kù, mo jẹ́ kó máa kọ lọ.