Aṣọ Àrán Inú Ògiri Bàámi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Káfíńtà dé láàárọ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri, ìyẹ̀fun ń dà. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ilé afunfèrè ni, wọn ò sọ pé ti ìkán ni. Ẹ̀rín pa mí. Yàrá mẹ́ta la fẹ́ tún ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọnà – ayàwòrán, akọrin, akéwì – kí wọ́n máa wá gbé níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́ wọn. Ohun tí Bàámi, afunfèrè náà, ń fẹ́ nìyẹn títí wọ́n fi kú. Ó ku kí Màámi gbà. Àwọn ló nilé báyìí, inú ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Màámi fàáké kọ́rí.

Ọjọ́rú, 5
Mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní àlejò wo? Ṣé kì í ṣe àbúrò àwọn gan-an ló wá sùn síbí, tí aṣọ àrán pupa tí àwọn fi ṣègbéyàwó fi di àwátì? Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àtìgbà tí mo wà ní kékeré ni àbúrò wọn yìí, Àǹtí Onídìrí, ò ti dé ilé wa mọ́. Níbi ìsìnkú Bàámi, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì dúró sí. Mo ní bí Màámi ò bá gbà, eruku ni yóò jogún àwọn yàrá yẹn. Wọ́n ní eruku kì í jalè.

Màámi! Ta ló máa borí wọn?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Màámi gbà ká ṣáà lé ìkán. Káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ara ògiri yàrá tí Bàámi ti máa ń fun fèrè. Aṣọ ló kún ẹ̀yìn pákó! Bàámi ló rọ́ wọn síbẹ̀ kí ariwo má baà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Kọ́tìnnì. Súwẹ́tà tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé – mo ń gbóòórùn ẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Káfíńtà tún fa ọ̀kan yọ, ó ní èyí mà nípọn o.

Àrán. Pupa.

Màámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Aṣọ náà wà lórí itan Màámi látàárọ̀, ìkán ti jẹ etí ẹ̀ kan. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí fọ́tò Bàámi: Baálé mi, gbogbo ẹkún tí mo sun! Wọ́n ní Bàámi ò mọ àrán yàtọ̀ sí àpò ìrẹsì, ohun tó bá ṣáà ti nípọn, ògiri ló ń lọ. Wọ́n ń bínú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Áà, ọkùnrin yẹn. Àárò wọn sọ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ní kí wọ́n pe Àǹtí. Wọ́n ní ojú wo làwọn fẹ́ fi wò ó?

Ọjọ́ Ajé, 10
Màámi pe Àǹtí. Wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè torí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, mo sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Wọ́n ní, Àbúrò mi, mo ti rí aṣọ náà, inú ògiri ló wà. O ò jí i. Mo ṣẹ̀ ọ́. Àǹtí ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń bá yín dirí látọjọ́ yìí?"

Màámi fọwọ́ kan ìborí wọn. "Kò sẹ́nì kankan."

Ọjọ́rú, 12
Àǹtí dé pẹ̀lú òòyà àti àpò aṣọ kan. Wọn ò tíì mumi tí wọ́n fi ní kí Màámi jókòó. Màámi wà nílẹ̀ láàárín orúnkún àbúrò wọn, wọ́n ń ké pé ó ń dun àwọn, Àǹtí ń fi òòyà tọ́ wọn léjìká pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń wò wọ́n, mo ń sunkún. Màámi ò lè yíjú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí n sọ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà mi kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní yàrá iwájú ti lẹ́ni nínú, ti Àǹtí ni.