Kári Ti Gòkè Lọ Kó Àgùntàn

Ẹ̀gbọ́n mi Ragna,

Ẹ kú àjò o. Ọkọ yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Bàámi ní kí n kí yín. Orúnkún wọn ti ń san. Ìgbà ìwọ́wé ti dé, ọ̀dùnkún wa sì ta dáadáa.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé Kári ọmọ mi bá Bàámi gun ẹṣin lọ kó àwọn àgùntàn sọ̀kalẹ̀ látorí òkè. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ti kéré jù. Bàámi bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó o sunkún tẹ̀ lé mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án?" Kùrukùru wá bo òkè, mo sì ń jáde lọ wọ̀nà fún wọn ṣáá.

Wọ́n dé láyọ̀. Kári di ìwo àgbò kan mú, ó ń wọ́ ọ lọ sínú ọgbà àgùntàn wa lójú gbogbo abúlé tó wá ya àgùntàn tiwọn. Ketill àbúrò ẹ̀ pariwo: "Àgbò ló ń wọ́ ẹ!" Nígbà tó ku èmi àti Kári, ó rọra sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ̀rù bà mí nínú kùrukùru yẹn. Ẹ má sọ fún Bàbá àgbà o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun ìbọ̀wọ́ míì fún un. Ti èṣí ò gba ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, ó ní òun ń padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bá wa dá gbogbo wọn sí.

Àbúrò yín,
Hlín