Igba Àpò Láti Pápá Àjàó

Ẹ̀gbọ́n mi Ọládèjì,

Ẹ kú ọ̀dá yìí o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ àti gbogbo àgbà ilé. Ikọ́ Hadassah, ọmọ mi, ti ń rọlẹ̀. Níbí ní Yaba, kànga wa ti gbẹ, ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi.

Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán odò tí sátẹ́láìtì ń yà, kí ọ́fíìsì wa lè pín omi fún àwọn àgbẹ̀. Lánàá, mo rí ìlà funfun kan tó dábùú odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yín. Omi kún lókè rẹ̀, ìsàlẹ̀ gbẹ táútáú. Mo wá rántí igba àpò tí ẹ ní kí n rà ránṣẹ́ láti Pápá Àjàó. Ìrẹsì lẹ ní ẹ fẹ́ kó sí i. Yanrìn lẹ kó sí i!

Mi ò pè yín, lẹ́tà ni mo fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, torí ẹ máa sọ pé òjò ni ò rọ̀, màá sì tún gbà yín gbọ́. Ṣé nítorí pé òjò ò rọ̀, ẹ wá fẹ́ dá odò nìkan mu ni?

Àwòrán míì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ dákun, ẹ kó àwọn àpò náà kúrò lójú odò kó tó dé. Tí mo bá tún rí i, orúkọ yín ni màá kọ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì.

Kí Ọlọ́run rọ òjò fún wa, kó má tú wa ká. Àǹtí Mabel tó tọ́ wa dàgbà, tí oko ata wọn wà nísàlẹ̀ odò, ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Omi tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àbúrò yín,
Jọmílójú