Mo Rò Pé Wọ́n Fẹ́ Nà Ẹ́ Ni

Pẹ́pẹ́yẹ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ohùn tí o fi ń jẹun kò há? Ẹni tó dá ohùn náà kò ní jẹ́ kó há mọ́ ẹ lọ́fun lójú èrò. Gbogbo wa wà láàyè. Òrùlé ibi ìdáná ti ń jò, adìẹ funfun ti pamọ, ìyá rẹ sì ń kí ẹ, ṣùgbọ́n kò kí èmi o, torí láti ìgbà tí mo ti ọ̀dọ̀ rẹ dé ló ti kẹ̀yìn sí mi. Ó ní mo lọ dójú ti ọmọ òun níwájú gbogbo ayé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ọkàn mi kò balẹ̀. O rí mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn eré lọ́jọ́ yẹn, ojú wa ṣe mẹ́rin, o wọ mọ́tò, mọ́tò lọ. Láti ìgbà náà mo ń pè ẹ́, fóònù ń dún lásán.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Mo mọ̀ pé eré ni, mi ò ya òmùgọ̀. Nígbà tí o lé bàbá arúgbó tó ṣe bàbá rẹ nínú eré sínú òjò, tí o tilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo mọ̀ pé òjò yẹn kì í ṣe òjò. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún àwọn tó kù? Obìnrin tó jókòó tì mí pòṣé, ó ní ọmọ burúkú gbáà, ó ní kí òun ṣáà rí ẹ níta. Ìgbà tí eré parí, mo dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òun náà ló wà níwájú, ó di agboòrùn mú gírígírí, èrò rẹpẹtẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé ẹnu ọ̀nà yìí lo máa gbà jáde. Kí ni kí bàbá ènìyàn rò?

Ni mo bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú wọn, àti èyí tó ń dùn mí. Mo ní ẹ dákun, ẹ má nà án, èmi ni bàbá rẹ̀ gan-an, kò lé mi rí, òun ló ra ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi, òun ló ṣe ilẹ̀kùn tuntun sílé mi, kò sì tì í mọ́ mi rí. Bí o ṣe yọjú, mo pariwo pé Pẹ́pẹ́yẹ, padà sínú, wọ́n ń dè ẹ́! Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń di ikùn mú, wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé mọ́tò rẹ, wọ́n ń pè ẹ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ, orúkọ tí mo fún ẹ nígbà tí o ń kọ́ ìrìn, tí ìdí rẹ ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló gbé mi dìde. Ó ní wọ́n fẹ́ràn ẹ ni, ó ní kí o kọ orúkọ sórí ìwé fún wọn ni wọ́n ń dúró dè. Ó ní ẹ̀yìn okùn ni ènìyàn ń dúró, kì í fọwọ́ kan òṣèré, kì í dá a dúró pẹ́, torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ní kékeré ńkọ́? Ó ní òfin ni.

Nígbà tí mo délé, ọmọ káfíńtà àdúgbò wa fi mí hàn mí nínú fóònù rẹ̀, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Mo ní kó júwe ilé wọn, màá bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sá lọ.

Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́: bí èrò bá tún dè ẹ́ báyẹn, tí mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́, màá tún kúnlẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó páànù ibi ìdáná ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀, àti owó tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Màá dúró lẹ́yìn okùn. Mi ò ní pariwo. Màá na ìwé mi sí ẹ bíi gbogbo wọn. Bí o bá kọ orúkọ òṣèré rẹ tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn sí i, màá dúpẹ́, màá wọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ Pẹ́pẹ́yẹ, màá mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní tì mọ́ ẹ láéláé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, kì í ṣe ti inú eré.