Afárá Ojú Sánmà

Ìyá mi, àárò yín ń sọ mí, àmọ́ ara mi le.

Apá àkọ́kọ́ géèmù mi ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀ ni, bíi ti àwọn àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa. Ọ̀gá tó gbà mí sílé ń tọ́jú mi gan-an. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ wọn kó má baà sọnù, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mi látìta kí n lè fọkàn síṣẹ́.

Ẹ ní kí àbúrò mi tètè gbá géèmù náà, kó yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀. Afárá àti ilé búlúù tó máa rí níta, bí mo ṣe ń rí wọn níbí ni mo ṣe yà wọ́n. Kó bi ara rẹ̀ ohun tí afárá ń wá lójú sánmà.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mò ń rẹ́rìn-ín.