Kọ̀ǹpútà Moyọ̀sọ́rẹ àti Iná tí Kò Tó

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Adéògún,
                                        Amùkókò, Àjégúnlẹ̀,
                                        Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹjọ, 1996.

Morádéún, àbúrò mi tí mo fẹ́ràn,

Báwo ni gbogbo yín ní Ṣàgámù? Ṣé ara ọkọ rẹ ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò, ṣé ó ti ń fún ọ nísinmi? Ara tèmi le, àfi orúnkún yìí tó ń bá mi ṣeré. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní, mi ò sì lè dúró de ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín kí n tó sọ ọ́: Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi ti kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ fún wọn ní yunifásítì lánàá! Ìwọ lo bá mi jà nígbà tí mo yọ ọmọ yìí kúrò nílé-ẹ̀kọ́, tí mo ní ìwé tó ti kà ti tó fún obìnrin. Èmi tí mo kàwé! Ìdí nìyẹn tí ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fi ń jókòó láàárín àwọn ọmọdé. Ẹ̀bi mi ni.

Inú kọ̀ǹpútà tó rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Àpápá ló kọ iṣẹ́ náà sí. Láàárọ̀ àná, ó kù kó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kó sì gbé e lọ, nítorí àná ni ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ bí òkúta. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ti jó."

Mo ní kó dìde. Gílóòbù ń tàn, nítorí náà iná wà. Mo ki rédíò bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó sọ̀rọ̀. Mo pààrọ̀ fíúsì, òfo. Wáyà kẹ́tùlù wa bá ẹnu kọ̀ǹpútà mu, a fi dán an wò, òfo. Ó wá ku sitabiláísà, àpótí tó máa ń tún agbára iná ṣe kó tó dé inú kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀!" ni Moyọ̀sọ́rẹ pariwo.

Ọwọ́ tín-ín-rín tó ń fi agbára iná hàn ti já wálẹ̀. Bí a ti ń wò ó, ó gòkè díẹ̀, ó tún já. Gbogbo ìgbà tó bá já, gílóòbù a pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, a ó sì gbọ́ ṣàà níta. Linus jórinjórin ló ń jó irin níwájú ilé wa. Kọ̀ǹpútà ò kú. Iná ni kò tó o.

Wàhálà dé. Oṣù tó kọjá ni mo bú Linus ní gbangba nítorí ariwo, tí mo pè é ní àbíìkọ́. Láti ìgbà yẹn, bó bá kí mi, mi ò ní dáhùn. Moyọ̀sọ́rẹ ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá, ẹni tó da omi nù ni yóò nu ilẹ̀. Mo fo gọ́tà, mo ṣí fìlà.

"Ha, Bàbá Onílé! Ẹ tún fẹ́ lé wa lónìí ni?" Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Linus bú sẹ́rìn-ín.

"Má bínú, Linus, mo ṣẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọmọ mi ló há sínú kọ̀ǹpútà, iná ò tó o."

"Àǹtí Moyọ̀ wa? Ẹ dé fìlà yín jàre, oòrùn ń pa yín." Ó sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó kọjú sínú ilé wa, ó figbe ta: "Ẹ pa họ́ọ̀tì-pléètì yín o! Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù!"

Ogechi, ayálégbé mi, yọrí síta: "Àbẹ́ẹ̀gì, ẹ̀wà mi ò tíì rọ̀!"

"Ẹ̀wà ò fẹ́ gboyè, màdáàmù. Ẹ pa á!"

Morádéún, ọwọ́ yẹn gòkè, ó sì dúró. Moyọ̀sọ́rẹ tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú rẹ̀ mí hìn-ìn, iná aláwọ̀ ewé tàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì yọ láìku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń han, àwa sì dúró tì í bí ẹni ń gbẹ̀bí. Oníbàárà tó ń dúró de géètì lọ́dọ̀ Linus ń kùn. Linus ní kó jókòó, kó máa gba atẹ́gùn. Nígbà tí bébà tó kẹ́yìn jáde, àfi bí ẹni pé wọ́n gbá góòlù wọlé nínú ilé wa. Moyọ̀sọ́rẹ fò sórí ọ̀kadà, ó lọ.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó ní wọ́n ti gbà á. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní kó dárí gbogbo ọdún tí mo fi ṣòfò jì mí. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Ìlà iwájú lẹ máa jókòó sí lọ́jọ́ ìgboyè, ẹ̀yin àti Àǹtí Morádéún. Ẹ má jà níbẹ̀ o."

Nítorí náà, tètè máa wá gèlè tó dára. Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Oyèníran